Síńkì tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Ṣìkẹ́ Mi

Mo rántí ìgbà tí iyọ̀ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ilé ọkọ mi ní Ìlá Ọ̀ràngún ni mo wà nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi, ọmọ náà kò tíì máa rá. Mo bu ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a, ó rí bí omi gbígbóná lásán. Mo fi iyọ̀ kún un. Mo tún lá a, kò sí ìyàtọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ní kò ju pé kí n di ẹ̀bi ru iyọ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní Ìlá kò lágbára tó ti Ìgbájọ tí wọ́n ti bí mi, mo sì lọ pààrọ̀ ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí mo pa tì yẹn kò mọ ohun tí ó ṣe mí títí di òní.

Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni ìyá mi wí fún mi lọ́jọ́ tí mo ń kúrò nílé. Ilé olùkọ́ gan-an ni mo sì bá ara mi. Ìyá ọkọ mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlá àti ní Òkè-Ìlá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lára wọn. Àdúrà òwúrọ̀ ní àkókò rẹ̀, ilẹ̀ gbígbá ní àkókò rẹ̀, ọmọ gan-an ní àkókò tí ó yẹ kí ó sunkún. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Èkó, ìparí oṣù ni ó máa ń wálé, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ wá. Nítorí náà àwa mẹ́ta ni a jọ wà: ìyá ọkọ mi, èmi àti ọmọ. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní pálọ̀, àga wọn sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí bí mo ṣe lè jáde kí n má gba iwájú wọn kọjá, kò sì sí bí mo ṣe lè gba iwájú wọn kọjá kí n má sọ ibi tí mo ń lọ àti ìgbà tí n ó dé. Wọn kò pariwo mọ́ mi rí. Ì bá tiẹ̀ sàn bí wọ́n bá ń pariwo, n ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, dókítà sì ti kìlọ̀ iyọ̀ fún wọn tipẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ mi, wọ́n rọra sọ ọ́. Ìgbà kejì, wọ́n wo ojú mi kí wọ́n tó gbé àwo kúrò. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti gbàgbé ohun tí dókítà wí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. N kò lè sọ pé ẹnu mi ti kú. Ta ni ó máa sọ ọ́? Ìyàwó tuntun tí kò mọ adùn ọbẹ̀, wọn yóò ní wọ́n fẹ́ aláìsàn fún ọmọ àwọn. Mo gbìyànjú kí n máa fi ojú wọn iyọ̀, ṣùgbọ́n ojú kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti balùwẹ̀, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ní ilé ń yí. Èmi àti aládùúgbò kan ni a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga débi pé nọ́ọ̀sì tí ó wọ̀n ọ́n tún un wọ̀n kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí ó ń gbé ní Ìlú Ọba, pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò bú mi. Ohùn rẹ̀ tutù.

Ó ní, “Ìyàwó wa, kí ni màmá mi fi ṣe ọ́?”

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwòsàn, ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo sì ń ronú pé bí mo bá gbéra báyìí, ọkọ̀ wà tí ó ń lọ sí apá Ìgbájọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí ó bá sá lọ lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Mo padà wọlé.

Dókítà obìnrin tí ó ń tọ́jú wọn ni ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí ó rí ènìyàn. Ó rí i pé igun ẹnu mi là, ó rí i pé irun iwájú orí mi ti fẹ́ẹ́rẹ́. Ó di ìka mi mú, níbi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún mi láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò sì jinná. Ó béèrè bí mo ṣe ń jẹun. Mo sọ fún un pé lẹ́yìn tí mo bímọ, ìgbẹ́ gbuuru bá mi jà fún ìgbà pípẹ́, pé láti ìgbà náà oúnjẹ kò wù mí, gààrì àti ẹ̀kọ ni mo fi ń gbé ara ró, ọmọ sì ń mu ọmú lọ́sàn-án lóru. Ó béèrè bí oúnjẹ ṣe ń rí lẹ́nu mi. Ibẹ̀ ni omijé ti jáde lójú mi, nítorí kò sí ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní kò rí bákan kankan.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní síńkì, èròjà kan tí ara ń rí gbà nínú oúnjẹ, kò tó nínú ara mi, àti pé àìtó rẹ̀ ni ó pa adùn lẹ́nu mi. Ó kọ oògùn síńkì fún mi. Ó ní kí n máa lo ẹyọ kan lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí bí ó bá bá inú òfìfo pàdé, èébì ni yóò máa gbé mi. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún àwọn abiyamọ, ó ní kí n má gbé àwọn méjèèjì mì pọ̀, kí n lo ọ̀kan láàárọ̀, kí n lo èkejì lálẹ́. Ó ní kí n jẹ ẹran àti ẹyin bí agbára bá ṣe mọ, kí ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí má wọ́n mi. Ó wá sọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, mo sì gbọ́ ọ dáadáa pé bí oògùn náà bá tán, kí n padà wá kí òun wò mí, kí n má ṣe lọ ra òmíràn fún ara mi.

Orí ibùsùn ni ìyá ọkọ mi wà tí wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá ní, “Àṣé ọmọ yìí kò tilẹ̀ rí iyọ̀ náà tọ́ wò.” Wọ́n na ọwọ́ sí mi, mo lọ di ọwọ́ náà mú. Mo rò pé ìdè mi ti já lọ́jọ́ náà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Irú ni ó kọ́kọ́ padà sí mi lẹ́nu, lẹ́yìn náà ata, iyọ̀ sì tẹ̀lé wọn. Igun ẹnu mi jinná, ìka mi jinná. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní ó tó, kí n fi oúnjẹ tẹ̀síwájú. Ìyá ọkọ mi ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé àwọn fi ẹ̀sùn kan ìyàwó àwọn láìmọ̀. Àgbà mélòó ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹ́ràn mi bí ẹyin ojú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti ròyìn síńkì fún ọmọ wọn ní Ìlú Ọba. Òun náà, bóyá nítorí ohun tí ó bi mí lórí fóònù, ra ìgò ńláńlá mẹ́rin, ó fi rán ọmọ ìjọ kan tí ó ń bọ̀ nílé. Ẹyọ kan nínú ìgò náà ju méjì irú èyí tí dókítà fún mi lọ. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé dókítà ní ó tó. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní oògùn ilé ìwòsàn ni ó tó, èyí jẹ́ oúnjẹ ara, pé ohun tí ó gba ẹ̀mí ìyàwó àwọn là kò gbọdọ̀ tán nínú ilé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tí ó ná owó rẹ̀ sí mi láti òkè òkun, àti ẹni tí ó dúró níwájú ìjọ nítorí mi, ṣé èmi ni n ó wá sọ pé rárá fún wọn?

Báyìí ni ó ṣe di ètò. Bí a bá ti ṣe àmín àdúrà òwúrọ̀, wọn yóò gbé e wá nínú àwo tíì kékeré pẹ̀lú ife omi, wọn yóò dúró tì mí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n jẹun kọ́kọ́. Wọ́n ní inú tí kò tíì kó nǹkan kan ni oògùn ń ríbi ṣiṣẹ́ sí. Nítorí náà mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, èébì á máa gbé mi, mo ń gbé itọ́ mì, mo ń dúró de kí ó rọlẹ̀. Mo gbìyànjú ọgbọ́n ọmọdé kan: mo fi oògùn náà sábẹ́ ahọ́n, mo lọ tu ú sídìí ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Mo ti gbàgbé pé ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ kéékèèké kò sí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ tí kò rí rí. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe mu omi tán, wọ́n ní kí n ka orin kan sókè. Mo ka á. Oògùn náà sì wọlé.

Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tí ó wálé. Ó yọ bàtà rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Fítámì lásán ni. Àwọn kan wà tí ìyá ọkọ wọn kò fẹ́ kí wọ́n mu omi. Jọ̀ọ́, ṣáà máa gbà á lọ́wọ́ wọn.”

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Òjò rọ̀ títí, ó dáwọ́ dúró, ọyẹ́ dé, mo ṣì ń gbà á. Ìgò kan tán, òmíràn ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí lọ́nà tí n kò mọ̀ rí. Bí mo bá pọn omi láti ìsàlẹ̀ àdúgbò wa wá sókè, n ó dúró ní àárín ọ̀nà bí ìyá arúgbó. Wọ́n rí i pé ó ń rẹ̀ mí, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí mi sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe: wọ́n sọ ẹyọ kan di méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi ń ta mí ṣínṣín, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó lé e. Mo ní ìdí ẹ̀rọ tí mo ń jókòó sí ni. Nígbà tí ó yá, títa náà dáwọ́ dúró, mo dúpẹ́ pé ó ti lọ. Òmùgọ̀ ni mí, ìmọ̀lára ni ó ti lọ. Bí mo bá ń ránṣọ, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ kí n tó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi wà lórí ìtẹ̀ rẹ̀. Lójú oòrùn mo lè rìn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, n ó máa fi ọwọ́ wá ògiri, nítorí ó dà bí ẹni pé orí òwú ni mo ń tẹ̀.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo ti fi kọ́ ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyà ń jẹ ni ó rọrùn fún láti ké. Èmi, wọ́n ń kẹ́ mi. Gbogbo àdúgbò ni ó ń sọ pé kí Ọlọ́run fún àwọn ní irú ìyá ọkọ mi. Bí mo bá la ẹnu, ta ni yóò dá mi láre? Mo máa ń wo ìgò náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo máa ń ṣírò iye tí ó kù nínú rẹ̀ lọ́kàn mi bí ẹlẹ́wọ̀n, kí n tó tún gbọ́ pé ẹnìkan ń bọ̀ láti Ìlú Ọba, ó sì ti gba òmíràn dání.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ó parí. A ń bọ̀ láti ìjọ, èmi àti ìyá ọkọ mi, ọmọ wà lẹ́yìn mi, a ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó já sí ilé wa. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ìwàásù. Wọ́n dúró lójijì.

“Ìyàwó, bàtà rẹ dà?”

Mo ní, “Ó wà lẹ́sẹ̀ mi, Màámi.”

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Èmi náà wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi wà láìní bàtà lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde láti àtàǹpàkò. A bojú wẹ̀yìn. Bàtà náà wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Mo ti fi ẹsẹ̀ lásán rin gbogbo ọ̀nà yẹn, n kò mọ̀. Ìyá ọkọ mi padà sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọ́n lọ mú bàtà náà, wọ́n gbé e wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì láti fi sí mi lẹ́sẹ̀. Mo di èjìká wọn mú kí n má ba à ṣubú. Ọwọ́ wọn kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Wọ́n béèrè bóyá mo mọ̀ ọ́n lára. Mo ní n kò mọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kì í ṣe nílé. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ lo oògùn yẹn mọ́. Ó pẹ́ tí mi ò ti fẹ́ ẹ.”

Wọ́n dìde. Wọ́n wò mí, n kò gbé ojú kúrò. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ní kí a máa lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọn kò gbé àwo tíì wá. Wọ́n ti wọṣọ òde, ìgò síńkì wà nínú báàgì wọn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin yẹn gbé ìgò náà yẹ̀ wò, ó béèrè iye tí mo ń lò àti bí ó ti pẹ́ tó. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n dáhùn, wọn kò dín in kù. Ó rán wa lọ sí Òṣogbo fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èsì, ó ṣàlàyé fún wa pé ara ń fẹ́ síńkì díẹ̀, ó sì ń fẹ́ kọ́pà díẹ̀, irú bàbà tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ̀ àtijọ́. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń gbà wọ ara. Bí síńkì bá pọ̀ lápọ̀jù fún ìgbà pípẹ́, yóò dí ẹnu ọ̀nà náà, kọ́pà kò ní ráyè wọlé. Àìtó kọ́pà ni ó dín ẹ̀jẹ̀ mi kù tí ó fi ń rẹ̀ mí, òun náà ni ó ń pa iṣan ẹsẹ̀ mi.

Ìyá ọkọ mi jókòó ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Wọ́n ní, “Dókítà, ṣé èmi ni mo ṣe é?”

Dókítà yíjú sí wọn. Ó ní, “Màmá, ẹ fẹ́ kí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹ kò béèrè lọ́wọ́ wa, ẹ kò sì gbọ́ tirẹ̀.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí ó bá àwọn da ìgò náà nù. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ délé, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Bí a ṣe wọlé, wọ́n pe ọmọ wọn ní Ìlú Ọba lójú mi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi oògùn ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n pe ọkọ mi, ìyẹn ni wọ́n bá wí gan-an, nítorí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo sọ fún un, mo sì ti ní mo sọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n palẹ̀ ẹrù mi, kí n lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìgbájọ títí ara mi yóò fi balẹ̀. Mo ti ń fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀, mo bínú sí wọn lọ́jọ́ náà, ìbínú tí ó ti ń wú nínú mi láti ìgbà àwo tíì, n kò sì sọ ọ́ jáde, nítorí wọ́n ti ń sunkún.

Ẹ̀jẹ̀ mi padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí mo jáwọ́ nínú síńkì, tí dókítà sì fún mi ní kọ́pà ní ìwọ̀n. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yè pátápátá. Apá kan kù nínú ẹsẹ̀ òsì, lápá àtàǹpàkò, tí ó ṣì wà bí igi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti mọ bí a ṣe ń bá a gbé. Mo ṣì ń ránṣọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ. Bí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan ń ra síńkì fún ara rẹ̀ ní kẹ́míìsì nítorí pé ó gbọ́ pé ó dára, mo máa ń bi í pé ta ni ó ní kí ó lò ó, àti ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí ó dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ní èsì sí ìbéèrè kejì. Síńkì gbà mí lọ́jọ́ kan, n kò ní bà á lórúkọ jẹ́. Àṣejù ni ó ń sọ oore di ẹ̀tẹ́.

Mo padà sí Ìlá. Ọmọ mi ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí, ìyá ọkọ mi sì ti dàgbà, àga wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. A kò sọ̀rọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti padà dé, wọn kì í gbé ohunkóhun fún mi kí wọ́n má kọ́kọ́ béèrè, ìbáà jẹ́ ẹ̀pà yíyan, ìbáà jẹ́ omi tútù. Wọn yóò gbé e dání, wọn yóò ní, “Ìyàwó, ṣé wàá gbà á?” Lọ́pọ̀ ìgbà mo máa ń gbà á, mo máa ń dúpẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, bí nǹkan náà bá tilẹ̀ wù mí, mo máa ń ní rárá, kí n ṣáà lè gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.